Ọ̀já-ìkookò: Ìtàn Ewéko Tí Kò Bẹ̀rù Ọ̀dá

Ọ̀já-ìkookò wà lára àwọn ewéko ilẹ̀ Áfíríkà tí ó rìn jìnnà jù lọ láyé. Láti Nàìjíríà lọ títí dé Kóńgò ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀, lábẹ́ igi, lórí ilẹ̀ olókùúta, àti ní etí igbó tí òjò máa ń ta kété sí fún oṣù mélòó kan lọ́dún. Lónìí, ó wà lẹ́bàá fèrèsé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ní Rio de Janeiro, ní gbọ̀ngàn báńkì àti òtẹ́ẹ̀lì ní Èkó. Àwọn Yorùbá kan ń pè é ní pàṣán-kòríkò. Orúkọ méjèèjì kò mọ sórí ẹ̀yà kan ṣoṣo, nítorí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tí ewé wọn gbòòrò jù ú lọ náà ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n èyí tí ó gba ayé kan ni èyí tí ewé rẹ̀ ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí ilà aláwọ̀ eérú sì dábùú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè.

Kò ní ìtì, kò ní ẹ̀ka. Láti inú ilẹ̀ ni ewé rẹ̀ ti ń yọ tààrà, ó nípọn, ó le, ó sì dúró ṣánṣán bí idà. Lábẹ́ ilẹ̀, ó ní iṣu gígùn kan tí ó ń rá lọ ní ìbú, tí ó ń hu ewé tuntun bí ó ti ń lọ. Omi ni ó ń tọ́jú sínú ewé àti iṣu yìí. Ohun mìíràn tún wà tí ojú kò rí. Ọ̀pọ̀ ewéko máa ń ṣí ihò tíntín ara ewé wọn lọ́sàn-án kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, omi ara wọn a sì máa gba ibẹ̀ fò lọ nínú oòrùn. Ọ̀já-ìkookò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ti ihò wọ̀nyí pa lọ́sàn-án, òru ni ó ń ṣí wọn. Afẹ́fẹ́ kábọ́nù tí ó bá fà sínú lóru, ó ń sọ ọ́ di ásíìdì, ó ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nígbà tí oòrùn bá sì dé, ó ń fi í ṣe oúnjẹ láìjẹ́ pé ó ṣí ilẹ̀kùn kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ewéko yìí fi la gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí já, inú ìṣesí yìí ni kí ó wá a sí.

Kí ó tó di òdòdó inú ilé, okùn ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n fún. Fọ́nrán gígùn, funfun, tí ó lágbára, wà nínú ewé rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Wọ́n á gé ewé tí ó ti gbó, wọ́n á lù ú tàbí kí wọ́n fi ọ̀bẹ tí kò mú ha ẹran ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á fọ ohun tí ó kù, wọ́n á sá a sí oòrùn, wọ́n á wá lọ́ ọ. Ní oríṣiríṣi ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe okùn ìwọ̀, àwọ̀n ìpẹja àti ọsán ọrun. Àwọn àgbà tí wọ́n ní ọsán já, ọrun dọ̀pá, mọ bí okùn tí kì í tètè já ti ṣe pàtàkì tó fún ọdẹ. Ewé náà tún wúlò fún àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀: wọ́n máa ń fi í ra ojú ibi tí iná bá jó, wọ́n á sì fún omi rẹ̀ sí etí tí ó bá ń dun aláìsàn.

Irú ìmọ̀ yìí kò mọ sí Áfíríkà. Ní Íńdíà, mọ̀lẹ́bí ọ̀já-ìkookò kan wà tí wọ́n ń pè ní mūrvā ní èdè Sanskrit, òun náà sì ni wọ́n ń fi ṣe ọsán ọrun. Ìwé òfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní òfin Manu sọ ọ́ pé ọsán tí a fi mūrvā ṣe ni kí ọmọ ìdílé jagunjagun fi ṣe àmùrè nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé Íńdíà, William Roxburgh, onímọ̀ ewéko ará Scotland tí ó jẹ́ alábòójútó ọgbà ewéko Calcutta, yẹ fọ́nrán náà wò dáadáa ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kì í ṣe ẹwà rárá. Okùn ni ọkọ̀ ojú omi wọn ń jẹ bí oúnjẹ, ewéko yòówù tí ó bá sì lè pèsè okùn, wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ní Yúróòpù, àwọn onímọ̀ kò kọ́kọ́ mọ ibi tí wọn yóò fi í sí. Ní 1753, Carl Linnaeus, ọmọ Sweden, kó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tí ó mọ̀ pọ̀ mọ́ alóè. Ní 1787, Vincenzo Petagna ní Naples fún un ní orúkọ tirẹ̀ láti fi yẹ́ ìjòyè kan sí, Pietro Antonio Sanseverino, ẹni tí ewéko náà wà nínú ọgbà rẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1794, Carl Peter Thunberg, akẹ́kọ̀ọ́ Linnaeus, kọ ọ́ sílẹ̀ ní Sansevieria, orúkọ yìí ni ó sì dúró fún ohun tí ó lé ní igba ọdún.

Àmọ́ ẹ̀yà tí ayé mọ̀ jù lónìí kò ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé títí di 1903. David Prain ni ó fún un ní orúkọ náà, Sansevieria trifasciata, nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ewéko Bengal. Èyí tọ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ewéko tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀, nítorí pé ó ti wà nínú ọgbà àwọn ará Calcutta. Àwọn tí wọ́n gbé e rékọjá òkun kò kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀. Kò sì ṣòro láti mọ bí ó ti lè rí bẹ́ẹ̀. Láti 1833 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ewéko ẹlẹgẹ́ sínú àpótí onígíláàsì tí dókítà Nathaniel Ward ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe, kí iyọ̀ òkun má baà pa wọ́n. Ọ̀já-ìkookò kò nílò irú àpótí bẹ́ẹ̀. Iṣu rẹ̀ kan ṣoṣo tí a wé sínú àkísà lè wà láìrí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó sì hù nígbà tí ó bá gúnlẹ̀. Atukọ̀ tàbí oníṣòwò kankan lè fi í sínú àpò.

Ọdún kan lẹ́yìn Prain ni ẹ̀yà tí etí ewé rẹ̀ jẹ́ ofeefee dé Yúróòpù. Orúkọ Émile Laurent, onímọ̀ ará Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, ni wọ́n fi sọ ọ́. Émile De Wildeman ni ó kọ nípa rẹ̀ ní 1904. Ní 1915, N. E. Brown ní ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù kó gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n mọ̀ nígbà náà jọ sínú iṣẹ́ kan, ó sì fi hàn pé ọmọ ìyá kan náà ni ẹlẹ́tìí ofeefee yìí àti èyí tí Prain sọ lórúkọ.

Ẹlẹ́tìí ofeefee yìí ni ó sọ ewéko okùn di òdòdó títà, ó sì kọ́ àwọn ológbà ní ẹ̀kọ́ kan tí wọn kò retí. Bí a bá gé ewé ọ̀já-ìkookò sí ègé ègé, tí a ri ìdí ègé kọ̀ọ̀kan bọ iyanrìn tútù, yóò ta gbòǹgbò, yóò sì hu ọmọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ègé ẹlẹ́tìí ofeefee bá bí kì í ní etí ofeefee. Ewé tútù aláìlétí lásán ni ó máa ń jẹ́. Ohun tí ó fà á ni pé oríṣi ẹran ara méjì ni ó wà nínú ewé yẹn, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra láìdàpọ̀, inú lọ́hùn-ún ni ọmọ tuntun sì ti ń yọ. Ọ̀nà kan tí ẹwà náà fi lè ti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ni kí a pín iṣu abẹ́ ilẹ̀. Fún ìdí èyí, ẹni tí ó bá ń tà á kò lè sọ ewé kan di ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní láti dúró de iṣu kí ó rá, kí ó sì hù.

Ilé àwọn ará Yúróòpù nígbà náà kì í ṣe ibi tí ó rọrùn fún òdòdó. Fèrèsé wọn kéré, aṣọ fèrèsé wọn nípọn, èéfín èédú kún inú yàrá, iná gáàsì a sì máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń mú gbogbo ilé gbóná dé, ó lé èéfín lọ, ṣùgbọ́n ó gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé bí ìgbà ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ ewéko ilẹ̀ olóoru tí wọ́n kó dé kú sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ọ̀já-ìkookò kò kú. Inú ibòòji ni ó ti ń gbé tẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi, ó sì ti bá ọyẹ́ pàdé nílé. Ohun kan péré ni kò fara dà, òtútù: bí inú ilé bá tutù ju ìwọ̀n 10 Celsius lọ fún ìgbà pípẹ́, ewé rẹ̀ á rọ̀, á sì jẹrà. Nípa báyìí, láàárín ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, ó tàn kálẹ̀ láti ilé ọlọ́rọ̀ dé ilé òṣìṣẹ́, ní Jámánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà.

Ní Bràsíl, ìtàn rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, èyí sì ni ó yẹ kí ó wọ Yorùbá lọ́kàn jù. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ dàrú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia. Wọ́n bá igbó tuntun pàdé níbẹ̀, ewé kan ṣàjèjì, òmíràn jọ ti ilé, wọ́n sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ tò, nítorí pé láìsí ewé, kò sí òrìṣà. Ọ̀já-ìkookò bọ́ sí ọwọ́ Ògún nínú ètò náà. Àwọn ilé Kétu nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Bràsíl, ń pè é ní ewé idà òrìṣà. Àwọn ará ìlú yòókù ń pè é ní espada-de-são-jorge, ìyẹn idà Jọ́ọ̀jì Mímọ́. Lábẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ yìí ni àwọn ẹlẹ́sìn ní Rio ti ń bọ Ògún. Ní Bahia, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n so mọ́ Jọ́ọ̀jì, Ògún sì jẹ́ ti Àńtóníò Mímọ́, síbẹ̀ Ògún ni ó ni ewé náà ní ibi méjèèjì. Wọ́n ń gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà kí ibi má baà wọlé. Wọ́n ń kó o pọ̀ mọ́ ewé mẹ́fà mìíràn sínú ìkòkò kan ṣoṣo, èyí tí a ń rí ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ilé ìgbé, kódà lọ́dọ̀ àwọn tí wọn kò wọ ilé òrìṣà rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin, tí í ṣe ọdún Jọ́ọ̀jì Mímọ́ tí Rio fi ṣe ọjọ́ ìsinmi, ewé yìí máa ń kún ọwọ́ àwọn èrò.

Èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ ofeefee, Ọya ni wọ́n fún. Idà Iansã, orúkọ tí wọ́n ń pe Ọya níbẹ̀, tàbí ti Bárbárà Mímọ́ ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá fi ọjọ́ orí rẹ̀ wé ti ẹlẹ́tìí ofeefee tí ó ti Kóńgò dé ọwọ́ àwọn ológbà ní 1904, ó jọ pé ìpín méjì yìí, Ògún sí apá kan, Ọya sí apá kejì, kò dàgbà ju ọ̀rúndún ogún lọ. Èyí kò bu ìpín náà kù. Ó ń fi hàn pé ìmọ̀ ewé tí àwọn ẹrú gbé rékọjá òkun ṣì wà láàyè lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ wọn, débi pé nígbà tí ewé tuntun dé, wọ́n mọ òrìṣà tí yóò gbà á.

Ní Amẹ́ríkà, okùn ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Dókítà Henry Perrine kó ẹ̀yà kan lára mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wá sí gúúsù Florida ní àwọn ọdún 1830, pẹ̀lú èrò pé iṣẹ́ okùn yóò sọ ilẹ̀ náà di ọlọ́rọ̀. Ogun àwọn Seminole, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà, pa á ní Indian Key ní 1840, ewéko rẹ̀ sì kù sílẹ̀ láìní olùtọ́jú, ó ń rá lọ nínú igbó. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ará Japan gba Philippines nínú Ogun Àgbáyé Kejì, níbi tí Amẹ́ríkà ti ń rí okùn ọkọ̀ ojú omi, ni ìjọba Amẹ́ríkà tún fi rántí ọ̀já-ìkookò. Wọ́n ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Florida ní àwọn ọdún 1940. Fọ́nrán rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ewé náà ń pẹ́ kí ó tó gbó, okùn náílọ́ọ̀nù sì ti dé. Bí iṣẹ́ okùn ṣe parí nìyẹn.

Florida kan náà ni ó wá di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín fún títà sínú ilé. Ìyípadà kan tí ó mú ọjà náà gbòòrò ṣẹlẹ̀ ní New Orleans ní 1939: nínú ọgbà ewéko kan níbẹ̀, wọ́n rí ọmọ ọ̀já-ìkookò kan tí kò ga, tí ewé rẹ̀ tò yí ara wọn ká bí ìtẹ́ ẹyẹ. Sylvan Hahn gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1941, orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀yà kúkúrú náà sì ń jẹ́ títí di òní. Ẹni tí kò ní àyè fún ewéko gíga wá ní èyí tí ó lè gbé sórí tábìlì. Àwọn ẹ̀yà aláwọ̀ mìíràn tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ó rọrùn láti tọ́jú náà ni ó mú kí ó ṣòro láti lé lọ. Iṣu tí wọ́n dà sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ìdọ̀tí kì í kú. Ẹ̀yà tí Perrine kó wá ti wà lára àwọn ewéko tí Florida ń bá jà kí wọ́n má baà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ewéko ìbílẹ̀, ní Queensland ní Australia náà, èpò ni wọ́n ka ọ̀já-ìkookò sí.

Ní 1989, òkìkí tuntun dé. Bill Wolverton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé àwọn ewéko inú ilé kan, ọ̀já-ìkookò pẹ̀lú wọn, sínú àpótí tí wọ́n dé pa, wọ́n fi èéfín kẹ́míkà bíi benzene sínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé kẹ́míkà náà dín kù. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ta òdòdó ti ń sọ pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé. Àpótí tí a dé pa yàtọ̀ sí yàrá tí ènìyàn ń gbé. Ní 2019, àwọn onímọ̀ méjì, Cummings àti Waring, tún ọ̀pọ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣírò, wọ́n sì rí i pé a ó nílò ìkòkò ewéko 10 sí 1,000 lórí mítà kan níbùú-lóròó ilẹ̀ yàrá kí ó tó lè ṣe ohun tí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé tí ń jáde nínú ilé ń ṣe fúnra rẹ̀. Ṣíṣí fèrèsé sàn jù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, lẹ́bàá títì ní Èkó àti Ìbàdàn ni àwọn tí ń ta òdòdó ti ń tò ó sínú ìkòkò, láàárín àwọn òdòdó tí wọ́n ti òkè òkun wá. Ọ̀pọ̀ tí ń rà á gbà pé àjèjì ni. Àwọn mìíràn ń gbìn ín yí ògiri ká pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ó ń lé ejò. Ilà ara ewé rẹ̀ tí ó jọ ti ejò ni ó bí orúkọ ejò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un, kò sì sí ìdánwò tí ó fi hàn pé ejò ń sá fún un.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí ó ti wá. Ìkòkò tí ó níhò nísàlẹ̀ ni ó fẹ́, àti ilẹ̀ tí a fi iyanrìn lú dáadáa kí omi má dúró sínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ náà gbẹ pátápátá kí a tó tún bomi sí i: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì tó, bí ó bá wà nínú ilé tí afẹ́fẹ́ tutù, oṣù kan lè kọjá. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀ ní ìta. Ìkòkò tí ó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án yóò jẹrà láti abẹ́ wá, ewé á sì wó lulẹ̀ kí ẹni tí ó ni í tó mọ̀. Kò dára kí omi dúró sí àárín ewé. Ó lè gbé nínú òkùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni ó ti ń hù kíákíá, tí ilà ara rẹ̀ sì ń hàn ketekete. Nígbà ọyẹ́, kí a fi aṣọ tútù nu eruku ara ewé rẹ̀. Bí iṣu bá ti kún ìkòkò, ó lè fọ́ ọ. Ìgbà náà ni kí a yọ ọ́, kí a fi ọ̀bẹ tí ó mú pín in, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí a tó tún un gbìn. Èyí tí iṣu rẹ̀ ti há nínú ìkòkò fún ọdún púpọ̀ a máa yọ òdòdó funfun tí ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, tí ń ta sánsán lóru. Kí a gbé e jìnnà sí ajá àti ológbò, nítorí omi ewé rẹ̀ lè mú wọn bì.

Orúkọ tí Thunberg fi sílẹ̀ kò dúró lọ títí. Àwọn tí wọ́n yẹ àbùdá ewéko wò, pàápàá nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2014, rí i pé inú ìdílé Dracaena gan-an ni gbogbo Sansevieria wà, ní 2017 David Mabberley sì sọ ọ́ di Dracaena trifasciata. Inú ìdílé yìí kan náà ni pèrègún wà, ewé tí Yorùbá fi ń pààlà ilẹ̀ tí wọ́n sì ń gbìn sí ojúbọ Ògún, èyí tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà ti sọ di òdòdó inú yàrá. Ọ̀pọ̀ ológbà ṣì ń fi orúkọ àtijọ́ ta ọ̀já-ìkookò, àwọn ìwé ìmọ̀ ewéko sì ń kọ tuntun.